Ìbòrí Funfun Lẹ́yìn Ayùn

Ẹsẹ̀ ni Mùjídátù kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjèèjì nà sókè láti inú dúrọ́ọ̀mù ńlá kan, sálúbàtà kan ti bọ́, èkejì ń mì lẹ́nu ìka, ohùn ọkùnrin kan sì ń ráhùn nínú dúrọ́ọ̀mù náà bí ẹni tó já sí kànga. Eruku pákó ń rú jáde yí ẹsẹ̀ náà ká. Mùjídátù dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé náà pẹ̀lú àpò ìrẹsì òfìfo lápá, kò mọ̀ bóyá kí òun kígbe ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí fún àwọn ẹsẹ̀ náà.

Ẹsẹ̀ ta pàpà, dúrọ́ọ̀mù ṣubú, ọkùnrin náà sì yí jáde. Kò sí ibi tí kò pọ́n lára rẹ̀: irun, ìpéǹpéjú, irùngbọ̀n, títí dé ihò imú. Ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló mọ́. Ó fi ẹyinjú náà wo Mùjídátù, ó sì gbàgbé láti gbé e kúrò.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé àlejò máa bá mi ní ìdoríkodò."

"Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

"Làákàyè mi ni."

Mùjídátù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, láti ìsàlẹ̀ àyà wá, kò gbé itọ́ jáde, kò sì fẹ́ tán. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Ó mọ ikọ́ yẹn dáadáa, torí irú rẹ̀ ló gbé bàbá rẹ̀ lọ.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Dúrójaiyé Ògúndèyí, káfíńtà ni. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀ l'Ọ́tà, nítòsí Ojú-Ọrẹ, ló ti ń kan ilẹ̀kùn, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù. Àtàn-Ọ̀tà ni Mùjídátù ti wá. Ìyá rẹ̀ ń sin adìẹ, eruku pákó ni wọ́n sì ń tẹ́ sábẹ́ adìẹ kí ilẹ̀ lè gbẹ. Àwọn obìnrin àdúgbò ló sọ fún un pé káfíńtà kan wà l'Ọ́tà tó ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, pé eruku pọ̀ níbẹ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń lagi lọ.

"Ẹ kó o, a kì í tà á," Dúrójaiyé wí nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá. "Àmọ́ òkìtì ti apá ibí nìkan ni kẹ́ ẹ kó. Pákó tí a fi oògùn ikán kùn ló wà lọ́hùn-ún. Tí adìẹ bá sùn lé e, ó lè pa wọ́n."

"Ẹ mọ ohun tó ń pa adìẹ," Mùjídátù wí. "Tiyín ńkọ́?"

"Mo ní áńkáṣíìfù." Ó fi ọwọ́ kan áńkáṣíìfù tó so mọ́ ọrùn.

"Ṣé ọrùn lẹ fi ń mí ni?"

Dúrójaiyé fa áńkáṣíìfù náà bo imú. Ó bá a kún àpò náà, ó bá a gbé e lé ọ̀kadà, ó sì dúró sójú títì títí ọ̀kadà náà fi wọ àárín ọkọ̀ lọ. Nígbà tó padà wọlé, bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó ti rí ohun tó ń wá nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó ní òun ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ẹ̀rọ yìí, torí òun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Fáànù ńlá kan tí wọ́n tú kúrò nílé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé ni, Dúrójaiyé rí i láàárín àwọn irin àlòkù ní ìtòsí Toll Gate ní Ṣàngó. Ó so páìpù mọ́ ọn dé ẹnu ayùn oníná rẹ̀, ó fi dúrọ́ọ̀mù sí àárín. Ẹ̀rọ náà ń fa eruku, ó ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, afẹ́fẹ́ tó kù sì ń gba inú àpò aṣọ kan jáde. Kò sí irú ìyọnu tí kò tíì kó wọn sí. Ó ti gbé fìlà bàbá mì rí, ó sì fà á ya wẹ́wẹ́. Nígbà kan àpò aṣọ náà ya, eruku bo gbogbo aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn, obìnrin náà sì ṣépè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Torí bàbá rẹ̀ ni Dúrójaiyé ṣe ṣe ẹ̀rọ náà. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé, torí ìyá ti kú, kò sì sí ọmọ mìíràn tó yè. Bàbá Ògúndèyí ti ń fá pákó kí wọ́n tó bí ọmọ rẹ̀, ikọ́ sì ti di ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò jọ bàbá lójú rárá.

"Agolo mílíìkì kan nírọ̀lẹ́," bàbá máa ń wí. "Kó tutù dáadáa. Gbogbo eruku inú àyà á bá a lọ. Ohun tí ọ̀gá mi ṣe nìyẹn, ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn."

Ẹ má fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí orí wọn pé ló gba èyí gbọ́ ní Ṣàngó àti Ọ̀tà títí di àná: àwọn tó ń ru símẹ́ǹtì, àwọn tó ń lọ òkúta, àwọn tó ń kun ọkọ̀. Wọ́n á ṣiṣẹ́ nínú eruku láti àárọ̀, wọ́n á wá jókòó nírọ̀lẹ́, wọ́n á mu mílíìkì, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, eruku kò sì sí níbẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rò ó.

Mùjídátù ń wá ní Sátidé Sátidé. Láìpẹ́, àpò tó ń gbé wá ń dín kù, àkókò tó ń lò sì ń gùn sí i.

"Àwọn adìẹ kí ọ," á wí bó bá ti wọlé.

"Èwo nínú wọn?"

"Àkùkọ. Ó ní ẹ jọ ara yín, ẹ̀yin méjèèjì máa ń fi ara ra iyẹ̀pẹ̀."

"Sọ fún un pé mo rí obìnrin tó dáa ju gbogbo tiẹ̀ lọ."

"Ẹnu ẹ dùn, Dúró. Bo imú ẹ."

Á sì bo imú rẹ̀ níwọ̀nba ìgbà tí Mùjídátù bá fi wà níbẹ̀. Ẹyin ni Mùjídátù máa ń mú wá fún bàbá, ó sì máa ń jókòó tì í lórí àpótí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, bàbá ṣí agolo mílíìkì rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà bu díẹ̀ mu, pé eruku tó fà sínú láti ọjọ́ tó ti ń wá kò kéré. Mùjídátù gba agolo náà, kò mu ún. Ó ń yí i lọ́wọ́.

"Bàbá mi náà ń mu ún, sà," ó wí jẹ́ẹ́. "Ilé-iṣẹ́ pákó kan ní Ṣàngó ló ti ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń rán lọ rà á. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, èmi ni mo ń fi ṣíbí fún un. Mílíìkì ló gbẹ̀yìn ẹnu rẹ̀."

Bàbá Ògúndèyí wo ojú rẹ̀. Ó gba agolo náà padà, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì mu ún lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó sún tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu páìpù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí Dúrójaiyé sọ fún Mùjídátù pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, ó ti mọ ohun tó máa gbọ́.

"Èmi gbà, ayọ̀ mi," Mùjídátù wí. "Ìyá mi ni kò ní gbà. Ó ti búra pé òun ò ní fún ẹni tó ń jẹun nínú eruku lọ́mọ. Ó ti lé ọkùnrin kan tó ń lọ òkúta jáde nílé wa rí, kò tiẹ̀ jẹ́ kó jókòó."

"Kó wá wo ṣọ́ọ̀bù mi. Tó bá rí ẹ̀rọ mi, inú rẹ̀ á rọ̀."

Ìyá Mùjí wá lóòótọ́. Obìnrin gíga, tó gbẹ, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Dúrójaiyé dọ̀bálẹ̀ fún un, ó tan ẹ̀rọ, ó la pákó ọ̀gànwó kan, ó ní kí wọ́n wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ìyá Mùjí kò wo ilẹ̀ pẹ́. Ó fa àpótí kan, ó gùn ún, ó sì fi ìka nu orí férémù ilẹ̀kùn. Ìka náà pọ́n, eruku tó wà lórí rẹ̀ sì kúnná bí àtíkè.

"Ilẹ̀ yín mọ́, ọmọ mi," ó wí. "Ṣé ilẹ̀ lẹ fi ń mí?"

Mùjídátù wo Dúrójaiyé, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rín, ojú rẹ̀ sì fẹ́ sunkún. Ìyá rẹ̀ tú ìbòrí funfun tó wé lé gèlè rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó kan lára ògiri lẹ́yìn ayùn, níbi tí orí ẹni tó bá ń lagi máa ń wà.

"Ọjọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ níbí láti àárọ̀ títí di ìrun Àsárì, tí aṣọ yìí sì funfun bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kí o wá pè mí kí n wá wò ó. Ọjọ́ yẹn la máa sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mi ò gba owó orí, mi ò gba ẹrù. Ìbòrí mi funfun nìkan ni kó o fi dá mi lóhùn."

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, ìbòrí náà ti dà bí omi tíì. Ìgbà yẹn ni Dúrójaiyé tó wo ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rù sì bà á. Eruku ńlá ń bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kúnná jù, tí ojú kò rí, ń yọ́ gba ara àpò aṣọ náà jáde, fáànù sì ń fẹ́ ẹ káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀gangan imú. Ohun tó kó kúrò nílẹ̀ ló ń dá padà sí wọn láyà, látọjọ́ yìí wá.

Ó tú ẹ̀rọ náà. Ó gbé fáànù àti dúrọ́ọ̀mù lọ sí ẹ̀yìn ògiri, ó fi páànù bò ó, ó dá ihò sára ògiri fún páìpù. Ó ṣí fèrèsé tó ti ń tì tẹ́lẹ̀. Ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, ó sì ra ìbomú gidi fún ara rẹ̀ àti fún bàbá. Mùjídátù ló ń fọ ìbòrí náà, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun ló sì ń gbé e padà wá kọ́. Ìgbà kejì ó dà bí ògì. Ìgbà kẹta ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi etí rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀, ọkọ mi," Mùjídátù wí, ó sì na aṣọ náà sókè sí oòrùn.

"Ìwọ ti ń pè mí ní ọkọ, ìyá ẹ ń pè mí ní eruku."

"Eruku tó ti fẹ́ mọ́ ni."

Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tábìlì rẹ̀. Ó ti fẹ́ràn ọmọ náà ju bó ṣe lè sọ lọ. Òun ló tún wá ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fi ọwọ́ gbọn aṣọ, kó má fi ìgbálẹ̀ gbá nítòsí ìbòrí.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Dúrójaiyé wà lẹ́nu ayùn láti àárọ̀. Ó di etí rẹ̀ nítorí ariwo, ó kọ ẹ̀yìn sí bàbá. Abẹ inú ìfági bàbá kú. Ìta ló ti máa ń pọ́n ọn, lórí òkúta tó fi omi rin. Ọjọ́ yẹn orúnkún ń dùn ún, ó sì mú gíráńdà oníná tí wọ́n fi ń lọ irin. Bó ṣe tàn án, iná ta pàrà lára irin náà, eruku dúdú sì tẹ̀lé e. Bàbá wo iná yẹn, ó wo ìbòrí. Ó pa gíráńdà, ó gbé e lọ sí ẹnu páìpù gan-an, lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè gbé gbogbo ìdọ̀tí náà mì. Ẹ̀rọ gbé e mì. Iná tó ń ta náà ń wọ inú páìpù lọ lẹ́sẹẹsẹ, kò kan aṣọ. Inú bàbá dùn sí ọgbọ́n yìí, ó pọ́n abẹ rẹ̀ tán, ó sì padà sídìí tábìlì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ló ṣe é, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, ìbòrí náà funfun. Dúrójaiyé pa gbogbo ẹ̀rọ, ó sún mọ́ ọn, ó jìnnà sí i, ó tún sún mọ́ ọn. Bàbá yọ ìbomú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń wò? Lọ mú ìyá ọmọ wá kí afẹ́fẹ́ tó gbé ìdọ̀tí dé."

Dúrójaiyé sáré wọ kòrópè lọ sí Àtàn. Bàbá ṣe àlùwàlá, ó kírun. Orí ẹní ló wà tí òórùn ìjóná fi dé imú rẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìn ògiri, ó fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù, ó gbóná. Ẹyinná kékeré tó bọ́ sínú eruku lọ́sàn-án ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, láìsí ọwọ́ iná, ó ń wá afẹ́fẹ́. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ pákó yìí kò mọ èyí nípa eruku pákó, torí láyé tirẹ̀ wọn kì í kó o jọ sínú irin kí wọ́n dé e pa. Ó ṣí ọmọrí dúrọ́ọ̀mù láti wo ohun tó ń jóná.

Àwọn aládùúgbò ní ìró náà dà bí ìgbà tí wọ́n ju ilẹ̀kùn ńlá dé. Iná náà fò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gba ojú bàbá, àyà rẹ̀ àti apá rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí Dúrójaiyé, Mùjídátù àti ìyá rẹ̀ sọ̀ nínú kòrópè, èrò ti kún ojú ilé. Dúrójaiyé rí omi àti yanrìn tí wọ́n dà káàkiri, ó rí aṣọ bàbá rẹ̀ tó jó, ó sì sáré wọlé tó ń ké bí ọmọdé. Ìyá Mùjí kò tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ló jókòó sí, lórí ilẹ̀ nínú omi, ó ń sọ pé, "Kí ni mo bèèrè? Kí ni mo bèèrè lọ́wọ́ wọn?"

Bàbá lo ọjọ́ díẹ̀ nílé ìwòsàn. Mùjídátù ń jókòó tì í bí Dúrójaiyé bá lọ wá oògùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá yà á lẹ́nu, ó bá a sọ̀rọ̀ láti inú báńdéèjì.

"Èmi ni mo lọ irin lẹ́nu páìpù. Nítorí ìbòrí ni."

"Ẹ sinmi, sà."

"Ó máa rò pé ẹ̀rọ òun ló pa mí. Sọ fún un. Àmọ́ jẹ́ kí n lọ ná. Ojú ń tì mí."

Ó kú ní àárọ̀ Alámìísì, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ kan náà.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn náà tí Mùjídátù kò mọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú bàbá gbọ́ ikọ́ ọmọ, ó ní kí wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, Dúrójaiyé gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ó fi òòlù fọ́ fáànù náà, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó sọ fún Mùjídátù pé kó má wá mọ́, pé ẹni tó pa bàbá rẹ̀ torí àtifẹ́ obìnrin kò yẹ lẹ́ni tí obìnrin ń fẹ́. Kò jẹ́ kó fèsì. Nígbà tí Mùjídátù padà wá, ilé ti wà ní títì. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ gbogbo káfíńtà tó mọ̀, kò rí i.

Ọlọ́kadà kan ló júwe ibẹ̀ fún un nígbẹ̀yìn. Ó bá Dúrójaiyé ní Ṣàngó, níbi tí wọ́n ti ń já àpò símẹ́ǹtì nínú ọkọ̀ àjàgbé. Ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò bo imú, kò tiẹ̀ so áńkáṣíìfù mọ́ ọrùn. Mùjídátù dúró wò ó bó ṣe ń ru àpò lé àpò, ó sì yé e pé ọkùnrin náà mọ ohun tó ń ṣe.

"O fẹ́ kú," ó wí nígbà tí wọ́n sinmi.

Dúrójaiyé gbé ojú kúrò. "Ta ló ní kó o wá mi wá?"

"Bàbá ni." Ó sì sọ fún un: gíráńdà, ẹnu páìpù, ìbòrí, ọ̀rọ̀ tó ti inú báńdéèjì jáde.

Dúrójaiyé gbọ́ ọ délẹ̀. Omijé la ojú ọ̀nà sínú símẹ́ǹtì ojú rẹ̀. "Torí tèmi ló ṣe ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí tìẹ ni, torí tèmi ni, torí aṣọ ìyá mi ni. Gbogbo wa la wà níbẹ̀, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ kó kú nínú wa. Ìwọ ló wá fẹ́ tìẹ báyìí."

 Àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè lójú títì, àwọn alábàárù ń pariwo lẹ́yìn wọn. Dúrójaiyé nu ojú, ó sì sọ èyí tó kù.

"Wọ́n ya àwòrán àyà mi. Dókítà ní eruku ti dá àpá sínú rẹ̀. Àpá náà ò ní lọ mọ́. Tí mo bá jìnnà sí eruku, ó lè dúró bó ṣe wà. Ó sì lè má dúró. Lọ fẹ́ ẹlòmíràn, Mùjí."

Mùjídátù jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì kan. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Kí bàbá tó kú."

"O sì gbé e mì."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Kó o sọ ọ́. Wá sọ ọ́ fún ìyá mi, lójú rẹ̀, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Tó ò bá lè sọ ọ́, mi ò ní fẹ́ ẹ. Kì í ṣe torí àyà ẹ o. Torí pé mi ò lè máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó ń fi ikú rẹ̀ pa mọ́ fún mi."

Àárín adìẹ ni wọ́n ti bá Ìyá Mùjí lọ́jọ́ kejì, ó ń ṣa ẹyin. Dúrójaiyé dọ̀bálẹ̀ lórí eruku pákó tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: iná, àwòrán, ohun tí dókítà rí àti ohun tí dókítà kò mọ̀. Ìyá Mùjí ń ṣa ẹyin rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Kí o tó tún sọ ohunkóhun, èmi ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo kọ́ aṣọ sára ògiri yín."

"Rárá o, mà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n rí ohun tí mò ń mí sínú."

Obìnrin náà mi orí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọkọ mi mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti sọ fún un níbi iṣẹ́. Kò sọ fún mi. Ìrọ̀rí ló fi ń bo ẹnu wúkọ́ kí n má baà gbọ́. Mo ń rí i tó ń jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo rò pé obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo bá a jà nítorí obìnrin tí kò sí. Gbogbo àkókò tó kù fún wa, ìjà ni mo fi bá a lò ó." Ó fi etí ìró nu imú. "Eruku ni mo sọ fún gbogbo ayé pé mo kórìíra. Ìdákẹ́ yẹn ló dùn mí jù."

Adìẹ kan gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò lé e.

"Mo ń wá ọkùnrin tí kò ní kú fún ọmọ mi. Mo ti wá a títí, wọn kì í bí irú rẹ̀. Mùjí!"

"Mà."

"O gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́ ọ, mà."

"O ṣì fẹ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ ẹ, mà."

Ìyá Mùjí gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin rẹ̀. "Kí àwọn ẹbí rẹ wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀," ó wí fún Dúrójaiyé, ó sì wọlé lọ kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Dúrójaiyé tún ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wó ògiri méjì nínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá, ó ṣe ẹ̀rọ tuntun, ó sì gba àwọn ọmọṣẹ́. Wọn kì í lọ irin níbẹ̀ mọ́ rárá, iwájú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á da eruku ẹ̀rọ tuntun sí gbangba, wọ́n á sì fi omi rin ín. Ẹni tí kò bá bo imú kò ní wọlé, ì báà ṣe ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í sábà lagi mọ́, ilé àwọn oníbàárà ló ti máa ń fi ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù sí àyè wọn. Mùjídátù ló ń bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwọn méjèèjì ló sì ń jókòó gbọ́ èsì.

Pálọ̀ Ìyá Mùjí ni wọ́n ti so yìgì wọn. Ọ̀fọ̀ bàbá ṣì tutù, wọn kò gbé ìkòkò ńlá kaná, wọn kò pe èrò. Bàdírù, àbúrò bàbá Mùjídátù, ló fa ọmọ fún ọkọ. Ààfáà ka ohun tó yẹ kó kà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó tọrọ ọmọ fún wọn, wọ́n ṣe àmín. Ó tọrọ ìṣọ̀kan, wọ́n ṣe àmín. Ó ní kí Ọlọ́run fún wọn ní ẹ̀mí gígùn, kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n darúgbó pọ̀. Gbogbo ilé ṣe àmín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é níbi gbogbo, ní kíákíá, ẹlòmíràn tiẹ̀ ń wo fóònù.

Dúrójaiyé nìkan ni ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ààfáà ti bọ́ sórí àdúrà mìíràn nígbà tí ohùn kan jáde láàárín àwọn obìnrin. "Àmín," Mùjídátù wí, òun nìkan, ketekete. Ààfáà dánu dúró. Àwọn èèyàn yíjú wò ó.

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí orúnkún.

"Ẹ dákun, Ààfáà," ó wí. "Ti ẹ̀mí gígùn yẹn, ẹ tún un ṣe."

Ààfáà wo ojú obìnrin náà, ó wo ọkọ tó tẹ orí ba. Ó tún un ṣe, jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí gbogbo pálọ̀ yíjú sí Dúrójaiyé, wọ́n ń dúró dè é, ó sì ṣe àmín.